Ọdún Tí Mẹ̀sí Alhaji Pé Ogójì

Òórùn awọ àga tó ti gbó, epo ẹ́ńjìnnì àti lọ́fíńdà Mẹ́kà ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ nínú Mẹ̀sí-ọlọ́yẹ́ Alhaji, bàbá àgbàlagbà kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí òjò ká mi mọ́ ibùdókọ̀ ní Cheetham Hill Road, ní Manchester níbí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tó sì gbé mi délé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ti há sínú rédíò rẹ̀ tipẹ́. Kò ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ó ń kọrin. Obìnrin kan ń dá wákà lórí rẹ̀. Níbì kan ó sín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bá orin rẹ̀ lọ. Bàbá ní, "Ìyàwó mi nìyẹn. Látìgbà tó ti kú, ibòmíràn ò sí tí mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́." Mo ní kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ wọn.

Ọmọ Ìbàdàn ni, àgbà ni ní mọ́ṣáláṣí wa, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rí ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ fi ṣaya. Mi ò ní ẹbí kankan ní Manchester, ni mo bá lọ bẹ bàbá pé kó ṣojú bàbá mi lọ́dọ̀ àwọn àna. Iwájú èrò ló ti dá mi lóhùn: "Ta ló mọ ilé bàbá ẹ? Èmi ò lè dúró fún ọmọ tí mi ò mọ orírun ẹ̀ o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn àna, wọ́n ní ká ṣì dúró ná. A dúró lóòótọ́, kò sì rìn mọ́. Mo ń tẹríba kí bàbá bó ṣe yẹ, ìbínú sì jókòó sínú mi.

Kaúńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì àti àlùbọ́sà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ibẹ̀ náà ni àwọn èèyàn ti ń san owó ọkọ̀ wọn, èyí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà òfin ọkọ̀ àtijọ́ kò ṣàjèjì sí mi. Ọkọ̀ tó bá ti pé ogójì ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ owó yìí, ṣùgbọ́n kì í bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ mú ìwé ọkọ̀ wá kí wọ́n yí i sí ti àtijọ́, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún bí kò tilẹ̀ ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é, ẹni tó jẹ owó ọkọ̀ ni lójú ìjọba.

Oṣù kẹrin ni bàbá wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìwé ọkọ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. "Mẹ̀sí mi ti pé forty! Road tax ti tán. Mo ti cancel direct debit tí wọ́n fi ń yọ owó ẹ̀ ní báǹkì mi pátápátá." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí ó ku nǹkan tí mo máa ṣe?"

Ìwé náà wà lórí kaúńtà láàárín wa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo tẹríba díẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, sir. Ta ni mo jẹ́ tí màá máa kọ́ àgbà?" Ẹ̀kọ́ ilé mi wù ú. Ó ra sítáǹbù, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Mi ò ní parọ́ fún ọ, oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí lẹ́tà ìkìlọ̀ dé pé ọkọ̀ náà jẹ owó ìjọba, ó mú un wá bá mi ní mọ́ṣáláṣí pé kí n bá òun wò ó kí òun tó lọ sìnkú àbúrò òun ní Ìbàdàn. Mo kà á tán, mo ní, "Kọ̀ǹpútà ló ń fi irú èyí ránṣẹ́, sir. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú." Ó ṣàdúà fún mi, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò. Kó tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi irin de táyà ọkọ̀ náà níwájú ilé rẹ̀, wọ́n ti wọ́ ọ lọ, ọjọ́ tí wọ́n dá pé kó wá gbà á ti kọjá, wọ́n sì ti rún un wómúwómú.

Ó wá sí kaúńtà. Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Mo tiẹ̀ ń fẹ́ kó bi mí bóyá mo mọ̀, kí n lè wí fún un lójú pé mo mọ̀. Kò bi mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ tí mo gbé ẹ yẹn, ṣé o ò record ohùn ìyàwó mi sórí phone ẹ? Kódà kó jẹ́ díẹ̀?" Mo ní rárá, sir. Ó ní kò burú, ó dúpẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń gbé páálí rẹ̀ sórí kaúńtà.

Ìyàwó tí ẹnu bàbá lé lọ, mo ti fẹ́ òmíràn, a sì ti bímọ. Ohùn ìyàwó tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bàbá sọ̀rọ̀ láìronú, ó sì ti gbàgbé. Èmi ronú sí tèmi, mo fi ọ̀wọ̀ bò ó, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkà pàápàá rí bẹ́ẹ̀.

Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo rí i níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, ó di ọwọ́ àlejò kan mú, ẹni tí kò tíì pé oṣù kan tó ti Ìlọrin dé, ó ń bi í bóyá ó wọ Mẹ̀sí òun rí.