Ilé Orí Òpó ní Bọ́lọ́rundúró

"Màmá, ṣé ẹ̀rù omi ṣì ń bà yín ni, tí ẹ fi gbé ilé yín ka orí òpó?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ṣìkẹ́mi lọ́jọ́ tó bi Ìyá Reuben bẹ́ẹ̀, ọmọ tí í sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ bí àlejò bá wọlé. Ìyá Reuben wò ó láti orí àkàsọ̀, ó na ẹja gbígbẹ kan sí i.

"Jẹ ẹja rẹ, ọmọ."

Ará etíkun Ìlàjẹ ni Ìyá Reuben. Bí òkun bá gba ilé iwájú, wọn a kọ́ òmíràn sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn fi tán. Nígbà náà ni ìjọba kó wọn wá sí Bọ́lọ́rundúró, sáàárín oko kòkó, wọ́n sì pín ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń gbèrò àtipadà sí etíkun yóò pàdánù ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn yòókù mọ ilé búlọ́ọ̀kù. Ìyá Reuben ri òpó mọ́lẹ̀, ó tẹ́ pákó lé e, ó gbé àkàsọ̀ tì í, bí wọ́n ti ń kọ́lé lórí omi.

Oyèlékè, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá a pààlà, kì í yé pariwo: "Ìyá Reuben, omi ti dé o! Ẹ fa àkàsọ̀ sókè!"

"Bó bá dé lóòótọ́, Oyèlékè aláròyé, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ gbé. Má wá kanlẹ̀kùn mi o!"

Gbogbo abúlé gbà pé ìbẹ̀rù ni. Kò bá wọn jiyàn.

Nígbà tó yá, Ṣìkẹ́mi wọ ilé ìwé girama ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ kan ni Ìyá Reuben yọ sí i. Ó gbọ́ pé ìjọba ò ní mọ ògiri tí wọ́n ní àwọn yóò fi dá òkun dúró mọ́. "Mú mi dé ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. N ò mọ̀nà."

Ọ̀gá tí wọ́n bá ní ọ́fíìsì kò le, ó tilẹ̀ fún màmá ní àga. "Màmá, ta ni yóò gbé ẹ̀yìn ògiri yẹn? Ẹ ti nílé ní Bọ́lọ́rundúró. Àbí ẹ ṣì ń gbèrò àtipadà ni?" Ó mú bíírò rẹ̀ láti kọ ìdáhùn sílẹ̀.

 Ṣìkẹ́mi rọra fa aṣọ màmá. "Ẹ ní rárá, Màmá. Wọn óò gba ilẹ̀ yín."

Ìyá Reuben kò wo ọ̀gá. Ọmọ náà ló kọjú sí, ṣùgbọ́n ó gbóhùn sókè kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́.

"O bi mí léèrè nígbà kan, mo fi ẹja dí ọ lẹ́nu. Ẹ̀rù omi ò bà mí rí. Ibi tí wọ́n bá mọ ilé búlọ́ọ̀kù sí náà ni yóò wó sí. Tèmi ṣeé tú ní pákó kọ̀ọ̀kan, kí á dì í sínú ọkọ̀, kí á gbé e padà sí etíkun. Jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn. Pákó mi ni n óò kó."