Pátákó Ọmọ Kan

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá, ló ń tọ́jú ọgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo igi. Igi olódòdó pupa méjì ló wà lẹ́nu géètì. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ń hù káàkiri ìlú bí èpò. Rẹpẹtẹ ni bàbá ń pè é. Ti apá òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, ìyẹn ló ń jẹ́ Ọmọ Kan. Òdòdó Rẹpẹtẹ a máa wo òkè, ti Ọmọ Kan a máa dorí kodò, abẹ́ ewé rẹ̀ sì ní irun wẹ́wẹ́. Àwọn ọ̀gá kò mọ ìyàtọ̀, nítorí inú mọ́tò ni wọ́n ti ń bọ́ sínú ọ́fíìsì.

Wọ́n ri pátákó ńlá mọ́ iwájú Ọmọ Kan: “Igi Tó Ṣọ̀wọ́n, Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án.” Bí àlejò pàtàkì bá sì ti kà á tán, ọ̀gá àgbà á já òdòdó kan lára igi náà fún un. Ààbò rèé! Òdòdó tí wọ́n bá já kò lè di èso mọ́, igi tí kò sì so, níbo ni yóò ti rọ́mọ?

Nígbà tó sú bàbá, ó hú pátákó náà lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó lọ rì í síwájú Rẹpẹtẹ. Kò sẹ́ni tó fura. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń já Rẹpẹtẹ fún àlejò, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọ Kan ráyè so, bàbá sì ń kó èso rẹ̀ lọ gbìn sínú agolo nílé.

Àmọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n gé igi tí kò ní pátákó yẹn, kí mọ́tò òun lè ríbi dúró sí. Bàbá sáré wọ ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo gbé pátákó kúrò nídìí ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gé yẹn gan-an ni Ọmọ Kan. Ẹ lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gé e.”

Ọ̀gá wo fọ́tò àwọn àlejò tó kún ara ògiri.

“Bàbá, ṣé kí n wá máa pe àwọn èèyàn ńlá wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n ní èpò ni mo fún wọn? Ibi tí pátákó bá wà ni Ọmọ Kan wà. Ẹ máa lọ sinmi nílé.”

Wọ́n gé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Inú mi ò tíì yọ́ sí wọn títí dòní. Nínú ìwé tí wọ́n kọ níparí ọdún, wọ́n ní ara Ọmọ Kan le koko.

Mọ́kànlá ló hù nínú agolo. Lọ́jọ́ tá a kó wọn gbìn sẹ́yìnkùlé, ìyàwó bàbá mú pákó kékeré kan wá.

“Bàbá wọn, ṣé ká kọ orúkọ ẹ̀ síbí?”

“Ó tì o! Ẹni tó bá bi ọ́, sọ fún un pé igi lásán ni.”