Ẹyin Abẹ́ Afárá

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wá bá Wilf Stride dúró lábẹ́ afárá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kó wá wo ohun tó rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Wilf ti ń ṣọ́ odò yìí ní Hampshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn olówó tó ń wá dẹ ẹja tíráùtì. Àwọn yẹn kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ìyẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ọn kó lè jọ eṣinṣin odò tí ẹja ń jẹ. Bí eṣinṣin kò bá yọ lójú omi, kí oníkálukú ká ọ̀pá rẹ̀ kó máa lọ sílé. Eṣinṣin odò yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nítorí náà ni Wilf ṣe so pákó mẹ́fà mọ́ abẹ́ afárá odò mìíràn tí eṣinṣin ṣì pọ̀ sí, títí wọ́n fi yé ẹyin sí abẹ́ wọn. Ó fi aṣọ tútù wé wọn, ó gbé wọn wálé bí ọmọ tuntun, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ afárá tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é. Kó tó fẹ̀yìn tì lóṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀, ó fẹ́ kí eṣinṣin bo odò náà ṣojú òun lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́dún yìí, ẹyin kún abẹ́ pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dán, wọ́n funfun báláú. Farrant, ọmọkùnrin tí onílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alábòójútó, dúró sétí odò, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ta ló fọwọ́ kan pákó mi?”

“Èmi ni, Bàbá Stride. Ìdọ̀tí ti bo abẹ́ wọn. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo kùn wọ́n lọ́dà. Àwọn àlejò máa ya fọ́tò ní Sátidé.”

“Ìdọ̀tí.”

“Ẹ ò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́.”

“Ẹyin ni, ìwọ ọmọ yìí. O bu ọṣẹ fọ gbogbo eṣinṣin ọdún tó ń bọ̀ dànù.”

Ẹ̀rín kú lójú Farrant. “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Màá ra pákó tuntun.”

“Ṣé mo ní n ò rí pákó ni?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ṣáà tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.”

Ká ní èmi ni Wilf, ǹ bá ti tì í sínú odò.

“Bọ́ bàtà ẹ,” ni Wilf wí. “Wọnú omi.”

“Omi yẹn tutù.”

“Mo mọ̀. Inú ẹ̀ ni mo ti darúgbó. Wọlé.”

Farrant wọ̀ ọ́ tòun ti ṣòkòtò olówó ńlá. Wilf di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó tẹ orí rẹ̀ ba, ó sì yí pákó tó kẹ́yìn padà. Nídìí wáyà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé, ẹyin díẹ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

“Ohun tó kù nìyẹn. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Yóò tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún pọ̀. Ìwọ ni wàá rí i, èmi kọ́.”