Ojú Màmá Kò Dúró De Ọ̀dà

Òkú ni Láwùmí ń yà. Kì í ṣe àbùkù, iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò Àgbowó mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn lọ́dún 1984. Bí bàbá tàbí ìyá ẹni bá ti papòdà, àwọn ọmọ á mú fọ́tò pélébé kan tọ̀ ọ́ wá, wọ́n á ní kó fi ọ̀dà olóròóró ya arúgbó náà ní gbàgàdà, kí wọ́n rí nǹkan gbé kọ́ sí pálọ̀ kó tó di ọjọ́ ìnáwó.

Láwùmí kì í kánjú. Á kun ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ́ kó gbẹ, á tún kun òmíràn lé e. Ojú ló máa ń ṣe kẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn pé ó ti pẹ́ jù, á ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òkú kì í kánjú, ẹ̀yin ọmọ òkú lẹ̀ ń kánjú." Òótọ́ ló sì sọ. Fọ́tò tó wò lónìí, bó ṣe wà náà ló máa wà lọ́la.

Ìgbà tó yá ni ìyá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ojú. Dókítà kan ní Jẹ́ríkò yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, òsì náà ń lọ, oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ti ibẹ̀ délé, màmá jókòó, wọ́n ní:

"Láwùmí, yà mí. Ìyá oníyàá lo ti ń yà láti ọjọ́ yìí. Ṣé ìgbà tí mo bá kú tán ló máa tó kàn mí? Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

"Màá yà yín, Màmá. Òní náà ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ, ọ̀dà kọ̀, kò gbẹ. Láràárọ̀, Láwùmí á fi ìka kan igun àwòrán, ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, á ní, "Ó di ọ̀la, Màmá." Ọ̀la bí ọ̀la, òjò kò dá. Màmá kò bínú. Wọ́n ń bá a ṣa òkúta inú ẹ̀wà, wọ́n ń kọ orin ìjọ Aládùúrà wọn lábẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dá, oòrùn yọ. Láwùmí jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá màmá nídìí ẹ̀wà. Ọwọ́ wọn ń lọ nínú atẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gbójú sókè, wọn kò wo atẹ rárá. Ìka ni wọ́n fi ń wá òkúta. Láwùmí dúró tì wọ́n, màmá kò sì mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Inú bí i sí ara rẹ̀ gidigidi. Ìyá tó wà láàyè, òun ló sọ di fọ́tò tí kì í yí padà yìí!

"Màmá, ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ má dìde."

"Ṣé ọ̀dà ti gbẹ?"

"Kò gbẹ. Kó má gbẹ."

Ó gbé àwòrán náà jáde sínú oòrùn. Ojú ló kọ́kọ́ ṣe, ohun tí kò ṣe rí. Ó ń fi ọ̀dà tútù lé ọ̀dà tútù, àwọ̀ aró ara gèlè sì ṣàn wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti fi ọ̀bẹ ha á dànù. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi í sílẹ̀, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wà lójú màmá gan-an nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò ráyè parí etí.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó gbé àwòrán síwájú ojú òsì.

"Ẹ wò ó, Màmá."

Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n tún sún mọ́ ọn, títí imú wọn fi kan ọ̀dà. Ẹ̀rù ba Láwùmí. Àbí ó ti pẹ́ jù?

"Imú bàbá mi rèé!" Ni màmá bá bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé mo ṣì lẹ́wà tó báyìí! Ṣùgbọ́n o ò parí etí mi."

"Etí lè dúró, Màmá."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà màmá ní, "Gbé e sílẹ̀. Ó ku ojú tìẹ. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yìn pátákó àwòrán yẹn lo wà, mi ò tíì rí ẹ dáadáa."

Láwùmí kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n fà á sún mọ́ ojú òsì, wọ́n ń wò ó, wọn kò kánjú, títí ọ̀dà orí imú wọn fi kan imú ọmọ wọn.