Yanrìn Abẹ́ Agége

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà ni kí n máa sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé pé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń rìn. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ wọn, ní ilé ìwé girama kan lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè ní Agége. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ti wọ̀lú tán, àwọn ológun ló ń pàṣẹ, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Ìkẹjà dé Oregun sì ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń gbọn eruku dànù lára aṣọ. Ìwé ò tó àwọn ọmọ kà, nítorí náà mo máa ń ya ayé sójú pátákó bí ẹyin sísè tí wọ́n là sí méjì. Màá ní èèpo rẹ̀ ti sán, ó ti pín sí ègé-ègé, ègé kọ̀ọ̀kan sì ń sún díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀, kò yá ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn. Kí n má purọ́, orí mi máa ń wú tí mo bá ń kọ́ ọ.

Ẹnìkan ṣoṣo tó máa ń bá mi fa orí náà wálẹ̀ ni bàbá kan tí a jọ yá yàrá nínú ilé kan náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun, kí wọ́n tó fún òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìdádúró láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tó wá iṣẹ́ mìíràn tì, ó padà sí èyí tí bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà, ìyẹn kànga gbígbẹ́. Bàbá ni mo ń pè é, Tíṣà ni òun ń pè mí. Ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣàlàyé ilẹ̀ tó ń rìn fún un ni n kò ti gbádùn mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tíṣà, ibo l'Agége dé lónìí?”

“Ó ti ń súnmọ́ Abẹ́òkúta, Bàbá.”

“Kó yáa ṣe kíá. Ó lè bá wa pọn omi bọ̀.” Yóò wá fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Ilẹ̀ kì í rìn, ọmọbìnrin yìí. Àwa la wọ mọ́tò wá.”

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ti gbẹ tipẹ́. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan la ti máa ń lọ pọn omi ní ìdájí, kí àwọn náà tó ti ilé iṣẹ́ wọn pa, tí wọ́n sì ti ẹ̀rọ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, ìrìn wa di ìrìn jíjìn, ìjà sì wọ̀ ọ́. Ìyá onílé, tí àwọn baba rẹ̀ ti wà ní Agége kí rélùwéè tó dé, ní kí Bàbá gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ní àdúgbò wa máa ń sọ ríǹgì sí i, ìyẹn òrùka ńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà ya. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, sìmẹ́ńtì ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má dààmú.

“Nílé wa, ta ní ń fi ríǹgì sí kànga? Èyí tí bàbá mi gbẹ́ kí wọ́n tó bí mi ṣì wà níbẹ̀. À ń pọn ọ́n.”

Kò purọ́. Ó ti sọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ nílé wọn fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá, wọ́n á kan amọ̀ tó ní àmì tótòtó lára, lẹ́yìn náà wọ́n á kan ohun funfun kan tó ki, tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹfun. Òkúta tó ti jẹrà ni ohun funfun yẹn, àpáta gan-an ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tí agbẹ́kànga bá ti rí i, yóò kígbe sókè pé, “Ó ti funfun!” Àwọn tó wà lókè á dáhùn pé, “A dúpẹ́.” Ó túmọ̀ sí pé omi kù díẹ̀, ewu sì ti tán, nítorí ilẹ̀ tó ti funfun kì í ya. Bàbá rẹ̀ ló fi gbólóhùn yẹn lé e lọ́wọ́, bàbá-bàbá rẹ̀ ló sì fi lé ìyẹn náà lọ́wọ́.

Ohun tí èmi mọ̀ nìyí, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí mo fi ṣe ìdánwò kí n tó di tíṣà. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Amẹ́ríkà jọ lẹ̀ pọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ya kúrò lára ara wọn, etí ibi tó ya náà rì, òkun wọlé, àwọn odò sì ń gbé yanrìn wá dà síbẹ̀ láti ìgbà tí kò sí ẹni tó lè ka ọjọ́. Orí yanrìn yẹn ni Èkó wà, Agége pẹ̀lú. Orí àpáta àtayébáyé ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Ilẹ̀ ni wọ́n jọ ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ilẹ̀ pupa wà lókè níbí bíi tọ̀hún, ó tilẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n funfun tó bá wà lábẹ́ tiwa, yanrìn lásán ni, kò sí ohun tó dì í mú.

N kò sọ ọ́ fún Bàbá. Mo tijú láti kọ́ àgbà ní iṣẹ́ tí wọ́n bí i sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àgbà.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi dígà gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, òun ló fi ń sọ̀ kalẹ̀, òun ló fi ń gòkè. Ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní Ìyá, ló ń fi púlì fa erùpẹ̀ sókè. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ògì ló ń tà láàárọ̀ kó tó wá dúró nídìí okùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọkọ rẹ̀ dúró, n kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, mo tètè dé láti ilé ìwé. Àwọn ayálégbé yòókù ti bá oúnjẹ òòjọ́ wọn jáde, Ìyá onílé sì ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ojodu. Mo ń wọ ẹ̀yìnkùlé lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá láti ìsàlẹ̀.

“Ó ti funfun!”

“A dúpẹ́,” ni Ìyá dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá gòkè wá, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń mu gààrí. Ó pè mí, ó na ọwọ́ sí korobá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè. “Tíṣà, wá wò ó. Kí ni ìwé tìrẹ wí?”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń bi mí ni. Mo ki ọwọ́ bọ korobá náà, mo bu díẹ̀, ó ń yọ́ jò láàárín ìka mi títí ó fi tán. Kò sí èyí tó lẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi.

Mo ti bi ara mi léèrè láìmọye ìgbà, kí ló dí mi lẹ́nu? Mo ti bá obìnrin kan fa korobá ya ní ìdájí ọjọ́ yẹn nítorí omi. Ẹ̀rín Ìyá wà níwájú mi. Èyí tó sì burú jù, tí n kò fẹ́ sọ, ni pé àgbàlagbà yìí bèèrè ohun tí ìwé mi wí lójú ìyàwó rẹ̀, inú mi dùn, mo fẹ́ dá a lóhùn lọ́nà tí inú tirẹ̀ náà yóò fi dùn. Ìgbéraga àti ojo ló pàdé lẹ́nu mi. Mo ní, “Ó ti funfun lóòótọ́, Bàbá.”

“O ò gbọ́?” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Ìwé náà gbà.” Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun ọ̀sán, ó padà sọ̀ kalẹ̀.

Mo wà ní yàrá, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da àpò ìrẹsì sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, ẹnu kànga ti fẹ̀ tó ìlọ́po méjì, Ìyá sì dojú bolẹ̀ létí rẹ̀, ó di okùn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Okùn náà le, kò ṣe é fà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń pè, orúkọ tí ìyàwó kì í pe ọkọ. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọjọ́ méjì làwọn ọkùnrin àdúgbò fi wa yanrìn náà. Bí wọ́n bá ṣe ń kó o, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàn wọlé, ó kù díẹ̀ kó gbé ẹlòmíì lọ. Lọ́jọ́ kẹta, àlùfáà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n kí ìrun òkú sí i lórí ní ẹnu kànga, a sì fi erùpẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ jáde dí i.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan wà nínú ilé wa tí wọ́n dá òun àti Bàbá dúró ní Oregun lọ́jọ́ kan náà, òun ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: ó ní Bàbá ló kó orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbé e mì. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oregun. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n lé Bàbá náà, ọ̀dàlẹ̀ wo ni wọ́n á sì tún lé? Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn kò gbófo. Àwọn tó ń ra ògì kò yà mọ́. Tí Ìyá bá kí wọn, wọ́n á máa wo ibòmíì.

Ó wá sí yàrá mi, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

“Tíṣà, ṣé ọkọ mi dalẹ̀?”

“Rárá, Ìyá.”

“Kí ló wá pa á?”

Mo mú ìwé kan, mo ya ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ilẹ̀ Agége fún un, mo fi àpáta hàn án, mo fi yanrìn hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Níbi fidáù ọjọ́ kẹjọ, wàá dìde, wàá sọ ọ́ báyìí. Wọ́n á gba tìrẹ, o mọ̀wé.” Kò dárúkọ korobá. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Mo sọ ọ́. Gbogbo àdúgbò wà lórí ẹní àti bẹ́ǹṣì, àlùfáà ti wàásù tán, Ìyá sì pè mí. Mo sọ bí ilẹ̀ ṣe ya láyé àtijọ́, mo sọ bí yanrìn ṣe kún etí rẹ̀. Mo ní, “Bàbá ò dalẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́, funfun, àpáta ni. Níbí, funfun, yanrìn ni. Ilẹ̀ méjèèjì ò rí bákan náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn.” Mo rí i tí àwọn àgbà ń mi orí. Mo rò pé ó ti parí.

Ọkùnrin tí mo wí lẹ́ẹ̀kan dìde. “Gírámà yín dùn o, Tíṣà. Ṣùgbọ́n inú ilé yìí náà lẹ̀ ń gbé. Ìgbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ò kìlọ̀ fún un? Àbí ẹ ò rí yanrìn náà?”

Gbogbo wọn ń wò mí.

“Kò rí i,” ni Ìyá sọ látorí ẹní tó jókòó sí. Kò gbé ohùn sókè. “Ilé ìwé ló wà. Èmi nìkan ni mo wà nídìí okùn.”

Ọkùnrin náà jókòó. Àlùfáà ṣàdúrà, wọ́n pín mọ́sà. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé yanrìn ló pa á, àwọn tó ń ra ògì sì ti ń yà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ fidáù náà, mo bá Ìyá ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ ìkòkò. Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n dìde.

“Bí o bá sọ pé o fọwọ́ kàn án, ta ni yóò tún gba ẹnu rẹ gbọ́ pé ọkọ mi kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀? Ẹnu rẹ ni mo nílò.”

“Ẹ ṣé, Ìyá.”

“Má dúpẹ́. Mi ò tíì dárí jì ọ́.”

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i nínú ilé yẹn, yàrá kejì sí tèmi. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á dáhùn dáadáa, á bi mí bóyá mo sùn re. Mo ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo bá a gbé e dé ìdí mọ́tò, ó gbàdúrà fún mi, ó wọ mọ́tò, wọ́n gbéra. Kò sọ ọ́.