Irun Ọba

Mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Castleridge, lókè òkun níbí, lánàá, ìró sísọ́ọ̀sì sì gbé mi padà sínú basement, yàrá abẹ́ ilé wa àtijọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí snow bo fèrèsé.

Dàdà ni wọ́n bí mi. Bàbá mi, tó fẹ́ràn ìwé ìtàn, máa ń pè mí ní Childeric, ọba ẹ̀yà Frank láyé àtijọ́, tí irun gígùn jẹ́ àmì oyè rẹ̀. Àwọn tó yọ ọ́ lóyè kò pa á. Wọ́n gé irun rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sílé àwọn mọ́ńkì, àwọn ẹlẹ́sìn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà.

Lọ́sàn-án yẹn, bàbá mi mú sísọ́ọ̀sì. Kò sí ẹ̀wà, kò sí ọmọdé tó wá jẹ sàráà dàdà.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì fẹ́ jẹ́ ọba.”

“Kábíyèsí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí n má baà gé yín létí.”

Màmá mi ń sunkún lókè. Iṣẹ́ epo ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n sì fẹ́ fi mí ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú, níbi tí ilé-ìwé kì í ti í gba irun dàdà.

Mo bi í pé, “Kí ni ọba yẹn ń ṣe níbi tí wọ́n mú un lọ?”

Ó gbọn irun kúrò lọ́rùn mi.

“Ó ń jẹun, ọmọ mi. Ó ń jẹun lójoojúmọ́.”