Bàtà Tí Jamilah Nà

Nínú gbogbo ṣúmékà tó wà ní Bẹyẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn, Jamilah Sàlámì nìkan ni obìnrin. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí bàbá kú, kò sí ọkùnrin kan nínú ilé tó fẹ́ fọwọ́ kan irinṣẹ́ náà, ló bá kó wọn, ó sì jókòó sójú ibi tí bàbá ń jókòó sí. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Láti Ọ̀rányàn àti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń gbé bàtà wá bá a, torí wọ́n mọ̀ pé bàtà tó bá ti ọwọ́ Jamilah jáde kì í dun ẹlẹ́sẹ̀. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mofẹ́olúwa gbé bàtà kan wá tí Jamilah kò rí irú rẹ̀ rí. Rọ́bà dúdú bò ó láti ìsàlẹ̀ dé orí ìka ẹsẹ̀, iwájú rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹnu àṣá. Rọ́bà ibi àtàǹpàkò ti jẹ, ó ti yọ ihò.

"Bàtà kí lèyí?" Jamilah bi í.

"Òun la fi ń gun àpáta, mà. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Mo ti mú rọ́bà tí ẹ máa lò wá."

Jamilah wo nọ́ńbà tó wà nínú bàtà, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Ẹsẹ̀ yẹn ò lè dín ní ogójì.

"Ṣé tìẹ ni àbí ti àbúrò rẹ?"

Mofẹ́olúwa rẹ́rìn-ín. "Tèmi ni, mà. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí awọ ara. Nígbà míì, etí òkúta tí kò nípọn ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ la máa dúró lé, àtàǹpàkò nìkan ló máa gbé gbogbo ara. Bí àlàfo bá wà nínú bàtà, ẹsẹ̀ á yí."

Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí Jamilah lè rí i. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Nígbà tó bọ́ ọ, àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátì, èékánná àtàǹpàkò kan sì ti dúdú. Àánú rẹ̀ ṣe Jamilah. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀, torí lọ́jọ́ Sátidé ni Mofẹ́olúwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ gun àpáta kan lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbìyànjú rẹ̀ tí kò dé òkè.

Jamilah fi iná yọ rọ́bà àtijọ́, ó ha ojú rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó lẹ tuntun mọ́ ọn, ó sì fi òòlù lù ú títí tí kò fi sí ibi tó ṣí lẹ́nu. Ibi tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n èékánná dúdú yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó fi omi rin inú bàtà náà, ó gbé igi tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ bí ẹsẹ̀, ó tì í wọ inú rẹ̀ tipátipá kí bàtà lè fẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Orí ọ̀kadà ni Mofẹ́olúwa wà tó ti na ọwọ́ gba ọ̀rá tí bàtà wà nínú rẹ̀. Kò wọ̀ ọ́ wò. Jamilah la ẹnu láti sọ fún un, àmọ́ ọ̀kadà ti ṣí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ̀, ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Muhydeen, bí ẹni tó ṣe dáadáa. Káfíńtà òrùlé ni Muhydeen kó tó ti orí òrùlé kan nítòsí Mápó já bọ́, láti ọjọ́ náà ló ti ń tiro. Ó dá ọwọ́ dúró nínú oúnjẹ.

"Jamilah, o mọ ohun tó jù mí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ṣebí ẹ ní ẹsẹ̀ yín yọ̀ ni."

"Bàtà ò yọ̀. Bàtà dúró síbi tí mo gbé e lé. Ẹsẹ̀ mi ló yí nínú rẹ̀. Kánfáàsì tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni, ó fi díẹ̀ tóbi jù mí lọ."

Jamilah fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó pe Mofẹ́olúwa, kò wọlé. Ó tún pè é títí, kò wọlé. Lẹ́yìn tó kírun àsùbáà lọ́jọ́ Sátidé, kò dúró jẹun. Ó wọ takisí Máíkírà dé Mókọ́lá, ó sì wọ ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn. Gbogbo èrò tó bá ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ́nà ló ń bí i nínú. Nígbà tí dírẹ́bà yà síbi tí wọ́n ti ń ta epo, ńṣe ló ń fi ọwọ́ méjèèjì fún etí ìborùn rẹ̀, tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Yá Allāhu, kí n bá a nílẹ̀."

Kò bá a nílẹ̀. Nígbà tó fi béèrè ọ̀nà, tó gba àárín oko kaṣú dé ìdí àpáta náà, Mofẹ́olúwa ti wà lókè, ó ti ga tó ilé alájà méjì. Okùn wà ní ìbàdí rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Afeez sì di okùn náà mú nísàlẹ̀. Ojú ṣúmékà ni Jamilah fi wo bàtà yẹn. Ó rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti wú kúrò lára ẹsẹ̀, ó sì ń mì nígbà tí ọmọbìnrin náà bá ti gbé ara lé e.

Ó bẹ̀rù láti pariwo. Ó sún mọ́ Afeez. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀. Bàtà yẹn ti fẹ̀."

Afeez kò gbé ojú kúrò lókè. "Mà, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ báyìí."

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi yí. Mofẹ́olúwa já bọ́. Okùn mú un, ó fì, ó sì fi ìbàdí àti ìgúnpá gbá àpáta. Jamilah sáré lọ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n egungun kò ṣẹ́. "Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí," ó ń sọ fún Afeez, omi sì wà lójú rẹ̀. "Bàtà rọ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo ní rọ́bà tuntun ni. Ńṣe ló dà bíi pé mi ò mọ ẹsẹ̀ gbé mọ́."

"Kì í ṣe ìwọ," ni Jamilah wí. "Èmi ni. Mo na bàtà náà. Mi ò lè gbà kí ẹsẹ̀ rẹ máa rí bẹ́ẹ̀."

Mofẹ́olúwa bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀. "Àǹtí, ẹ ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́." Jamilah na ọwọ́. Ó ní kó fún òun ní bàtà náà kí òun lọ tún un ṣe. Ọmọbìnrin náà kò fún un, Jamilah sì padà sí Ìbàdàn lọ́wọ́ òfo.

Ọjọ́rú ni Mofẹ́olúwa tó yọjú, tó gbé bàtà náà dání, tó ń tiro díẹ̀. Kò kí i ju bó ti yẹ lọ. Jamilah ní kó jókòó, kó má lọ síbì kankan. Ó tú gìgísẹ̀ bàtà, ó gé awọ tó fẹ̀ tó ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta kúrò, ó rán an padà, ó ní kó wọ̀ ọ́.

"Níbo ló ti ṣófo?"

"Abẹ́ ọrùn ẹsẹ̀."

Ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló tú u lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ó ní kó jáde lọ fi orí ìka ẹsẹ̀ nìkan dúró létí kọnkéré gọ́tà, àwọn tó ń kọjá lọ sí Ọjà'ba sì ń wò wọ́n.

"Ó ń dùn mí, mà."

"Báwo ló ṣe ń dùn ọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ ló fún ọ, àbí ojú kan ló ń ta ọ́?"

Mofẹ́olúwa ronú. "Gbogbo rẹ̀ ló fún mi, ìyẹn dáa. Àmọ́ ojú kan wà tó ń ta mí lórí èékánná."

Jamilah ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kókó okùn ìrán kan ló yọ ṣóńṣó níbẹ̀. Ó jẹ́ pé láti ọjọ́ yìí, okùn tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ ló ń sọ èékánná di dúdú. Ó lù ú pẹlẹbẹ, ó fi awọ tín-ínrín bò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò bá wọn lọ. Ó ní àyà òun kò ní lè gbà á. Ó gbé fóònù síwájú, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì rán okùn sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì mọ́ ti ọ̀tún. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, fóònù dún. Ó wò ó bó ṣe ń dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé kó tó gbé e.

"Mo dé òkè, mà," ni Mofẹ́olúwa wí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ohùn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó fún mi gan-an ni."

Jamilah dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú sálúbàtà tó rán ní òdì. Lọ́jọ́ Ajé, Afeez gbé bàtà àpáta tirẹ̀ wá, ó fẹ́ jù ú sílẹ̀ kó sì máa lọ. Jamilah fa àpótí kan síwájú rẹ̀, ó ní kó bọ́ ohun tó wọ̀ sẹ́sẹ̀, kó jókòó, òun fẹ́ bi í ní ìbéèrè kí òun tó fọwọ́ kan bàtà náà.